Ẹja Tí Kò Lórí

Àdúrà ọkọ ni mò ń gbà lọ́wọ́ nígbà tí Ṣẹ̀san fi ìwọ̀ ẹja já wíìgì kúrò lórí mi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọdún 2009 ni, nígbà ooru. Ìjọ wa ní Salford gba bọ́ọ̀sì lọ sí orí òkè kan lẹ́yìn Bolton, nítorí Pásítọ̀ wa gbà pé àdúrà orí òkè kì í bọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ òkè Èkìtì, ì báà jẹ́ òkè òyìnbó. Adágún omi ńlá kan wà nísàlẹ̀ òkè náà. Wọ́n ní kí àwa tí a ò tíì lọ́kọ bọ́ sí etí omi, kí a máa rìn lọ rìn bọ̀, kí a sọ ohun tí a fẹ́ fún Ọlọ́run láìfi bò.

Èmi Jọmílójú Fọláwẹ̀mí, nọ́ọ̀sì ní hospital ní Crumpsall, tí mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo di ojú, mo la ẹnu.

"Bàbá, fi ọkọ mi hàn mí! Níbikíbi tó bá fara pamọ́ sí, fà á jáde!"

Mò ń rìn, mò ń pariwo, mò ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Lójijì nǹkan kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, fìì! Orí mi sì fúyẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Nígbà tí màá fi lajú, wíìgì mi ti ń fò lójú ọ̀run bí òròmọdìẹ tí àṣá gbé. Ó balẹ̀ sínú omi. Ọkùnrin dúdú kan wà létí omi níwájú mi, ó wọ bàtà òjò, ó di ọ̀pá gígùn tín-ín-rín kan mú, ó sì ń fi okùn rẹ̀ fa wíìgì mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ohun tó mú. Ó wẹ̀yìn wo orí mi, tí mo di irun rẹ̀ wúruwùru nítorí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rí i.

"Háà! Ẹ má bínú mà," ló wí. Yorùbá ni! "Mi ò wẹ̀yìn kí n tó ju okùn."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Tó bá jẹ́ ojú mi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ò lajú kẹ́ ẹ tó máa rìn. Ariwo yín sì ti lé gbogbo ẹja inú omi yìí dé Scotland."

"Ta ló ń bá ẹja sọ̀rọ̀? Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Mo gbọ́ o." Ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ ní kó fà á jáde."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo já wíìgì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìbínú rìn lọ, omi ń kán tótó lára wíìgì. Ṣùgbọ́n mo wẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni náà ń juwọ́ sí mi.

Nígbà tí mo délé tí mo fẹ́ fọ wíìgì náà, mo rí nǹkan kan tó há sínú rẹ̀. Mo rò pé kòkòrò ni, mo ti yọ sílípáàsì. Àṣé ìwọ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n ti fi ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú dúdú dì í lára títí ó fi jọ eṣinṣin tó fẹ́ fò. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo wò ó títí. Ẹni tó lè ní sùúrù láti di irú nǹkan báyìí, ṣé wèrè ni lóòótọ́?

Mo ní mo fẹ́ lọ dá ìwọ̀ rẹ̀ padà fún un. Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wa mọ́tò mi lọ síbẹ̀. Ó wà níbi tí mo fi í sí.

"Ṣé wíìgì tún fẹ́ wẹ̀ ni?" ó béèrè.

"Òpònú ni ẹ́," mo dá a lóhùn, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà la ti fi "ẹ" sílẹ̀ láàárín ara wa.

Ṣẹ̀san Oyèwùmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí. Ó wá kàwé ní Salford, ó wá ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan ní Bolton. Ó ní nígbà tí ìyá òun kú nílé, ìwé ìgbélùú òun kò tíì jáde, òun ò lè lọ sìnkú. Òun rìn títí òun fi dé etí omi yìí. Òyìnbó arúgbó kan tó ń jẹ́ Andrew ń pẹja níbẹ̀. Andrew ò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn fi ọ̀pá sí i lọ́wọ́, ó ní kó máa jù ú. Ṣẹ̀san ní ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ rí ẹkún òun sun.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó sọ ọ́. Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ náà gan-an, nǹkan fa okùn. Ọ̀pá náà tẹ̀ kọdọrọ. Ṣẹ̀san ń fà, ó ń tú okùn sílẹ̀, ó tún ń fà, títí ó fi gbé àwọ̀n sábẹ́ ẹja kan tó ń kọ mànà, tí tóótòòtó dúdú wà lára rẹ̀. Trout ni wọ́n ń pè é. Mo ti ń ro ata tí màá lọ̀ sí i. Ọkùnrin mi ki ọwọ́ bọ omi, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja jẹ́jẹ́, ó tú u sílẹ̀. Ẹja bá tirẹ̀ lọ.

Mo figbe ta. "Ṣẹ̀san! Ṣé wọ́n ń ṣe ẹ́ ni?"

"Jọmi, tí mo bá kó gbogbo ẹ̀ lọ sílé, kí la máa wá bá níbí lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ọbẹ̀ la máa bá nílé!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú koríko. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹja yẹn dé ilé Mọ́mì, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Mọ́mì mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ bò lójú. Òun nìkan ló tọ́ mi ní Salford. Mo sọ fún un pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́. Ó bi mí ṣọ́ọ̀ṣì wo, ìlú wo, iṣẹ́ wo. Gbogbo ẹ̀ ló bá a lára mu. Ó wá ní kí n mú un wá sí ìpàdé àdúrà wa ọjọ́ Sátidé.

"Ó máa ń lọ pẹja, mà."

Mọ́mì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé ó ń tà á ni?"

"Rárá mà. Tó bá ti mú un, á dá a padà sómi."

Mọ́mì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni. Lẹ́yìn náà ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Akíndélé lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n torí Bolton ni wọ́n ń gbé, Dádì Bolton ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ́ tuntun. Ọwọ́ tó ń tú ohun tó mú sílẹ̀, ṣé òun ló máa di ọmọ mi mú?"

Kì í ṣe èyí nìkan ló ń dùn ún. Ìwópin ni wọ́n bí Mọ́mì sí, létí ọ̀sà. Àtikékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ààrò ẹja. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ká ẹja rìbìtì, kí wọ́n ki ìrù bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Nígbà tó lọ sílé ìwé ní ìgboro Ìjẹ̀bú, ṣe làwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń di imú tó bá ń kọjá. Ó búra pé ọmọ òun kò ní rùn lẹ́ja láé. Ní ilé wa ní Salford, ẹja kan ṣoṣo tó ń wọlé ni èyí tó wà nínú agolo.

"Èmi sá fún ẹja, ìwọ ń sáré lọ bá a," ló sọ fún mi.

Nígbà tí mo sọ fún Ṣẹ̀san, ó ronú títí. "Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni Mọ́mì ń bẹ̀rù, màá fi hàn wọ́n pé mo lè di nǹkan mú. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, èmi fúnra mi ni màá mú ẹja tá a máa gbé wá."

Mo sọ pé ó dáa. Kí ni mo mọ̀?

Mo bẹ Mọ́mì títí ó fi ní kí wọ́n wá. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ṣẹ̀san mú trout méjì tó sanra. Ó ní láti sáré lọ wọ agbádá nínú mọ́tò. Andrew, ọmọlúàbí ẹ̀dá, ní kó máa lọ, òun á bá a tún ẹja náà ṣe. Ó tún un ṣe lóòótọ́. Ó wé e sínú fóìlì, ó fi ríbọ́ọ̀nù dì í lókè. Ó lẹ́wà. Ṣẹ̀san ò tú u wò.

Pálọ̀ Mọ́mì kún lọ́jọ́ náà. Iṣu wà ńlẹ̀, oyin wà, obì wà. Àwọn ènìyàn Ṣẹ̀san dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Mọ́mì pàápàá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wá ní, "Àwa gbọ́ pé ẹ ní ọwọ́ ọmọ wa kì í di nǹkan mú. Ẹ wo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá fún yín."

Dádì Bolton tú ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n ṣí fóìlì. Wọ́n yí ẹja náà síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Orí ẹ̀ dà?"

Gbogbo ojú yí sí Ṣẹ̀san.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé àgbà ilé ló ni orí ẹja? Ṣùgbọ́n Andrew ò mọ̀. Òyìnbó kì í jẹ ẹ́. Ó ti gé orí méjèèjì, ó ti jù wọ́n nù.

"Mo ní orí ẹ̀ dà? Ta ló gé orí ohun tí wọ́n fi ń tọrọ ọmọ?" Dádì Bolton ti dìde. "Ẹ ti jẹ orí lọ́nà, ẹ wá gbé ìrù fún wa? Kí lẹ ń sọ fún wa? Pé ilé yìí ò lágbà?"

Ṣẹ̀san ti wà nílẹ̀ gbalaja. "Ẹ foríjì mí sà. Mi ò mọ̀ sà. Òyìnbó tó bá mi tún un ṣe ni sà."

"Ṣé òyìnbó náà ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni?" Mọ́mì ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. "Ẹ bá mi kó ẹrù yín."

"Mọ́mì!"

"Jọmílójú, jókòó."

Mi ò jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ti gun orí mi. "Tí wọ́n bá ń kó ẹrù wọn, kí wọ́n kó èmi náà mọ́ ọn. Ọ̀bẹ òyìnbó ló gé orí ẹja, kò gé ìfẹ́ ọkùnrin yìí lọ́kàn mi."

"Tó o bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde," Mọ́mì wí, "má retí mi níbi ìgbéyàwó kankan."

Mo gba ibẹ̀ jáde. Tìró tìbùbá, nínú òjò, pẹ̀lú gèlè tí mo fi gbogbo àárọ̀ wé.

Nínú mọ́tò, Ṣẹ̀san ò tíì ṣáná sí ọkọ̀ tó fi yíjú sí mi.

"Olólùfẹ́ mi, màá ta ọ̀pá náà. Mi ò ní pẹja mọ́. Màá lọ bẹ Mọ́mì."

"Gbọ́ mi o, Ṣẹ̀san. Lọ bẹ̀ wọ́n, ó dáa. Ṣùgbọ́n o ò ní ta nǹkan kan. Ọkùnrin tó bá ta ayọ̀ ara rẹ̀ nítorí mi lónìí, á bi mí léèrè rẹ̀ lọ́la. Dípò bẹ́ẹ̀, kọ́ mi."

"Kọ́ ẹ ní kí ni?"

"Ẹja pípa. Àbí etí ẹ di?"

Ó lọ bẹ Mọ́mì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mọ́mì ò ṣílẹ̀kùn. Tí mo bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Ẹnu ìjọ wá bẹ̀rẹ̀. "Sister, ẹ bọ̀wọ̀ fún òbí yín." "Sister, ẹja ti gba ọpọlọ yín." Pásítọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n tún inú rò.

"Sà," mo sọ fún wọn lórí ìkúnlẹ̀, "ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ sétí omi."

Pásítọ̀ wo òrùlé. Wọn ò bá mi sọ ọ́ mọ́.

Ẹ má rò pé kò dùn mí o. Nígbà míì mo máa ń bọ́ sí ilé ìwẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, màá sunkún, màá fọ ojú, màá padà síbi iṣẹ́. Mo lè fẹ́ Ṣẹ̀san láìsí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ta ló máa gbàdúrà sí mi lórí? Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní.

Ní gbogbo Sátidé, mo wà létí omi. Mo kọ́kọ́ mú koríko. Mo mú kóòtù ara mi. Mo mú fìlà Andrew, òun tó ti tọrọ àforíjì títí ó fi sú mi. Ṣẹ̀san kọ́ mi pé kí n má sáré dé bèbè, torí ẹja ò jìnnà sí ilẹ̀ bí ènìyàn ṣe rò. Kí n bẹ̀rẹ̀, kí n ju okùn sítòsí ná. Ó kọ́ mi láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Tí mo bá ti gbé ọ̀pá sókè, á sọ létí mi pé, "Wẹ̀yìn, ìfẹ́ mi. Ó lè jẹ́ pé obìnrin kan ń gbàdúrà ọkọ níbẹ̀." Màá gbá a lórí.

Òtútù wá, ó lọ. A dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, okùn mi le gbagidi.

"Gbé ọ̀pá sókè! Tú u sílẹ̀ díẹ̀! Jọmi, má fà á, tú u sílẹ̀!"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ, èmi ni mo mú un!"

Okùn gé mi níka, mi ò jẹ́ kó lọ. Ẹja yẹn bá mi jà, èmi náà bá a jà. Mo rántí Mọ́mì, mo rántí gbogbo ẹnu tó ti sọ̀rọ̀ mi, mo sì fa ẹja náà wá sínú àwọ̀n. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Andrew na ọwọ́ sí ọ̀bẹ rẹ̀ láti ràn mí lọ́wọ́. Mo sọ fún un lédè rẹ̀ pé tó bá fọwọ́ kan orí ẹja yẹn, tirẹ̀ ni màá gé.

Ilé Mọ́mì ni mo wa mọ́tò lọ tààrà. Kọ́kọ́rọ́ mi ṣì ń ṣílẹ̀kùn. Mo bá a nínú kíṣìnnì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo tẹ́ ẹja náà sínú síǹkì.

"Mọ́mì, èmi ni mo mú un. Orí ẹ̀ rèé. Ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún, torí ẹ̀yin ni àgbà mi. Sátidé tó ń bọ̀ la ń lọ sí registry ní àárọ̀. Ẹ wá o, ẹ ò wá o, màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fẹ́ ẹ láìsí yín."

Kò wo ẹja. Ìka mi tí okùn gé ló ń wò.

"Ọwọ́ ẹ ń rùn," ló sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọwọ́ yín rùn bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ yẹn náà lẹ fi tọ́ mi. Mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo jáde.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wá pé. Aṣọ funfun ni mo wọ̀. Ṣẹ̀san wọ kóòtù, ó sì fi ìwọ̀ kékeré tó há sínú wíìgì mi lọ́jọ́sí kọ́ àyà rẹ̀. Andrew so táì. Àga kan ṣófo níwájú, mo sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Obìnrin òyìnbó tó ń so wá pọ̀ rọra béèrè bóyá ká bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ̀san wo ojú mi.

"Ká dúró díẹ̀ sí i, ayé mi?"

"Rárá," mo wí. "Mo sọ pé màá fẹ́ ẹ, màá fẹ́ ẹ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe orúkọ mi, tó ń lọ́ ọ lẹ́nu, nígbà tí òórùn kan wọlé. Èéfín igi ni. Gbogbo wa yíjú.

Mọ́mì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ léèsì tó dáa jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n koko, eérú wà lára gèlè. Ó gbé abọ́ kan dání tó fi aṣọ bò. Dádì Bolton tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n ń húkọ́.

"Ẹ má bínú," Mọ́mì wí fún gbogbo ilé. "Àwọn aládùúgbò ló pe panápaná. Mo ṣàlàyé fún wọn títí pé ilé ò jó, ẹja ni mò ń yan."

Ó rìn wá síwájú, ó ṣí abọ́. Trout mi ni. Ó ti yan án, ó pọ́n, ó ń dán. Ó ká rìbìtì, ìrù rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fi igi ṣóńṣó kan gún un pọ̀ kó má baà tú.

"Mọ́mì, mo rò pé ẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ká a."

"Ọwọ́ mi ò gbàgbé." Ó nu ojú rẹ̀. "Èyí tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́sí kò ṣeé ká. Kí ni màá ki ìrù bọ̀? Ẹja tí kò lórí, kò sí bó ṣe máa di ara rẹ̀ mú."

Ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ìjọba, tòun ti kóòtù. Mọ́mì na abọ́ náà sí i. Ṣẹ̀san fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ṣẹ̀san."

"Mà."

"Èyí, má dá a padà sómi o."

"Láéláé, mà."

Mọ́mì lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Obìnrin òyìnbó náà nu imú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Mi ò jẹ́ kó bi mí tán kí n tó ní mo gbà.